Bí kọ̀ǹpútà àtijọ́ bá kọ̀ tí kò gba Linux, ẹ wo ibi tó ti dúró

Bí ẹ bá ń gbé Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, sórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì yín tó sì kọ̀, ẹ má tíì sọ pé ó ti gbó kọjá àtúnṣe. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí iṣẹ́ náà dúró sí gan-an. Ó lè má rí fláàṣì USB tí ẹ kọ Linux sí rárá. Ó lè rí fláàṣì kí ojú rẹ̀ wá ṣú. Ó lè dé àárín kó gan pa. Ó sì lè parí iṣẹ́ tán kó má dìde. Ohun tó ń fa ọ̀kan kọ́ ló ń fa èkejì, ẹni tó bá sì da gbogbo wọn pọ̀ á kàn máa náwó sórí háàdì dísìkì tí kò ṣẹ̀. Dell OptiPlex 780 la ó fi ṣàlàyé: CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Core 2 Duo, RAM DDR3, BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà) àtijọ́ tí kò ní UEFI, irú tuntun tó rọ́pò BIOS.

Àwọn kan ti fi ọjọ́ gbọọrọ ṣòfò lórí Windows 11. Ẹ̀dà 24H2 àti èyí tó tẹ̀lé e ń béèrè àṣẹ kan nínú CPU tí wọ́n ń pè ní POPCNT, Core 2 Duo kò sì ní in. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń yẹra fún TPM, ẹ̀rọ ààbò tí Windows 11 ń béèrè, kò ran èyí, torí inú CPU fúnra rẹ̀ ni nǹkan náà ò ti sí. Ní ti Windows 10, Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Linux Mint, irú Linux kan, ní ẹ̀dà Xfce tó fúyẹ́, ló bá irú kọ̀ǹpútà yìí mu jù lójú tiwa. RAM 2 GB ló kéré jù fún un, ṣùgbọ́n 4 GB ló máa jẹ́ kí ara tù yín. Bí owó díẹ̀ bá wà, SSD SATA 120 GB (dísìkì tó yára ju háàdì dísìkì lọ) ni kí ẹ fi rà.

Fláàṣì 8 GB ti tó. Kí ẹ tó kọ ISO, ìyẹn fáìlì Linux Mint tí ẹ gbà wálẹ̀, sórí rẹ̀, ẹ yẹ ISO náà wò, nítorí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń já lágbedeméjì lè ba fáìlì jẹ́ kí ẹ má mọ̀. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì náà, lẹ́yìn náà SHA256. Ẹ fi ohun tó bá jáde wé èyí tó wà lójú ìwé Linux Mint. Bí ẹyọ lẹ́tà kan bá yàtọ̀, ẹ tún fáìlì náà gbà. Nínú Rufus, ètò tí a fi ń kọ ISO sórí fláàṣì, MBR (ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń pín dísìkì) ni kí ẹ mú, torí fláàṣì tí a ṣe fún UEFI nìkan kò ní gbéra lórí BIOS yìí. Bí ó bá ń kọ “Failed to load ldlinux.c32”, ẹ tún fláàṣì náà kọ, kí ẹ yan DD nígbà tí Rufus bá béèrè. Ihò USB tó wà lẹ́yìn àpótí ni kí ẹ lò. Ẹ tan kọ̀ǹpútà, ẹ máa tẹ F12 léraléra bí àmì Dell bá ti yọ, kí ẹ sì mú USB Device.

Bí ojú rẹ̀ bá ṣú lẹ́yìn èyí, ẹ tún un tàn, kí ẹ yan “compatibility mode” nínú àwọn ohun tí fláàṣì kọ́kọ́ gbé jáde. Káàdì àwòrán àtijọ́ ló sábà máa ń fà á.

Èyí tó ń dààmú ènìyàn jù ni kó dé ìdajì kó gan pa. Bí ó bá jẹ́ ibi kan náà ló ti ń gan nígbà gbogbo, ẹ fura sí fláàṣì tàbí dísìkì. Bí ibi tó ti ń gan bá ń yàtọ̀, RAM tàbí ooru ni. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀ kúrò lára ògiri, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. Ẹ yọ RAM, ẹ fi rọ́bà tí a fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ nu etí rẹ̀ tó ń dán, kí ẹ tún un tẹ̀ bọ̀ títí ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á fi dún. Ẹ wá kọ Memtest86+, ètò tó ń yẹ RAM wò, sórí fláàṣì mìíràn, kí ẹ jẹ́ kó yípo dé òpin ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Àṣìṣe ẹyọ kan péré ti tó láti dá RAM lẹ́bi. Ẹ máa dán wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ lè mọ èyí tó bàjẹ́. Ní ti dísìkì, ẹ ṣí Disks lórí Mint tó ń ṣiṣẹ́ láti orí fláàṣì, kí ẹ wo SMART, àkọsílẹ̀ ìlera dísìkì. Bí Current Pending Sector (iye ibi tí dísìkì ò lè kà dáadáa) bá ti kọjá òdo, ẹ má gbé iṣẹ́ yín lé dísìkì náà. Ẹ tún gbá eruku inú fáànù kúrò. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ láìsí UPS: bí Nẹ́pà bá mú iná lọ níbi tó ti ń pín dísìkì, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Bí kò bá rí dísìkì rárá, ẹ tún wáyà SATA tẹ̀ dáadáa, kí ẹ wá fi F2 wọ BIOS, kí ẹ yan èyí tó ní AHCI lábẹ́ SATA Operation. Bí Windows àtijọ́ kan bá wà lórí dísìkì kan náà tí ẹ kò fẹ́ pàdánù, ẹ ṣọ́ra, torí àyípadà yìí lè mú kó máa gbé 0x0000007B jáde. Ẹ dá a padà sí bó ṣe wà, Windows náà á sì tún dìde.

Bí ó bá parí tí kò sì dìde, ó ṣeé ṣe kí GRUB, ètò tó ń jí Linux, ti lọ sórí fláàṣì. Ẹ tún tan Mint láti orí fláàṣì, kí ẹ tẹ lsblk nínú Terminal, kí ẹ fi ìwọ̀n mọ èyí tó jẹ́ dísìkì àti èyí tó jẹ́ fláàṣì. Bí sda bá jẹ́ dísìkì, /dev/sda ni GRUB gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe sda1 tó jẹ́ ìpín kan lára rẹ̀. Bí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín pín dísìkì GPT (ọ̀nà tuntun tó rọ́pò MBR), ẹ fi 1 MB sílẹ̀ fún “Reserved BIOS boot area”, torí ibẹ̀ ni GRUB ń gbé lórí BIOS àtijọ́. Fún dísìkì tí kò tó 2 TB, MBR rọrùn jù. Ẹ ti kó fáìlì yín pamọ́ síbòmíràn kí ẹ tó fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú èyí.

Bátìrì CR2032 tó wà lórí mọ́dábọ́ọ̀dù náà kò gbọdọ̀ di ìgbàgbé. Tó bá ti kú, ọjọ́ á padà sẹ́yìn, BIOS á máa gbàgbé ohun tí ẹ yàn, apt, ètò tó ń gba àtúnṣe wá fún Mint, á sì máa sọ pé fáìlì Release kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ fi tuntun sí i, kí ojú tí a kọ àmì àròpọ̀ sí wà lókè, kí ẹ tún ọjọ́ àti aago tò nínú BIOS, kí ẹ tó wá sọ fún Mint pé kó gba àwọn àtúnṣe rẹ̀.