Bí A Ṣe Lè Tún Ètò Ìbomirin Oko Ṣe Kí Omi Má Baà Ṣòfò

Nínú gbogbo omi aláìníyọ̀ tí ọmọ aráyé ń fà láti inú odò, adágún àti abẹ́ ilẹ̀, nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ni iṣẹ́ àgbẹ̀ ń lò. Ẹni tó bá fẹ́ dín in kù sábà máa ń sáré lọ ra páìpù àti ẹ̀rọ. Wíwọn omi àti ètò pípín in ló yẹ kó ṣáájú, nítorí pé ẹni tí kò mọ iye omi tó ń wọ oko kò lè mọ iye tí òun dá sí.

Wíwọn kò gba owó ńlá. Ẹ wá ibi tí kòtò omi ti lọ tààrà fún mítà 10, ẹ ju igi kékeré kan tó ń léfòó sí i, kí ẹ sì ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí yóò fi dé òpin. Bí kòtò bá fẹ̀ tó ìdajì mítà, tí omi rẹ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 20, tí igi sì lo ìṣẹ́jú àáyá 25, ẹ sọ fífẹ̀, jíjìn àti gígùn náà di púpọ̀ ní mítà, kí ẹ pín in sí 25: lítà 40 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi 0.85 sọ ọ́ di púpọ̀, torí omi ojú máa ń yára ju ti ìsàlẹ̀ lọ; yóò wá jẹ́ lítà 34. Láàárín wákàtí kan, omi yìí lè bo hẹ́kítà kan dé ìwọ̀n mìlímítà 12.

Lẹ́yìn èyí ló kan ètò, ibẹ̀ ni iṣẹ́ sì ti le jù. Ẹni tí oko rẹ̀ wà lókè kòtò máa ń fa omi ní àfajù, kì í ṣe torí ìwọra nìkan, bí kò ṣe pé kò mọ ìgbà tí omi yóò tún dé. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni yóò jìyà rẹ̀. Ní Íńdíà àti Pakísítàánì, ètò tí wọ́n ń pè ní warabandi máa ń fún àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ àti wákàtí tirẹ̀, bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe tó. Ẹ dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo kòtò kan náà sílẹ̀, kí wọ́n yan ẹni tí yóò máa ṣí ilẹ̀kùn omi, kí owó tí wọ́n bá dá sì wà fún àtúnṣe kòtò náà gan-an. Bí owó bá lọ sí àpò ìjọba tó jìnnà, kò ní pẹ́ tí wọn kò fi ní san án mọ́.

Nínú oko ìrẹsì, kò pọn dandan kí omi dúró nígbà gbogbo. Ẹ gún páìpù oníke tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, tí a lu ihò sí lára ìdajì rẹ̀ ìsàlẹ̀, wọlé dé ìdajì, kí ẹ sì kó iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ jáde. Bí omi inú rẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 15 sábẹ́ ilẹ̀, ẹ tún omi dà sí oko. Àmọ́ ní àsìkò tí ìrẹsì bá ń yọ òdòdó, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ rárá.

Kí ẹ tó ra páìpù tí ń kán omi sí ìdí ọ̀gbìn, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí omi tó ń jò nínú kòtò ń lọ, nítorí ó lè jẹ́ òun ló ń bọ́ kànga aládùúgbò. Ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i, bóyá inú odò ni omi tí a bá dá sí yóò wà, tàbí a óò fi ṣí oko tuntun. Bí ó bá jẹ́ oko tuntun, odò kò ní rí ohunkóhun jèrè.