Ìjábọ̀ láàbù tó ń gba máàkì kékeré: ìbéèrè yín, ìdáhùn mi

Iṣẹ́ mi ni kí n máa to irinṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ 100 level nínú láàbù físíìsì, kí n sì ka ìjábọ̀ wọn lẹ́yìn náà. Ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń gbé wá lọ́dọọdún, ẹnu sì ti ń ro mí. Pendulum ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, torí kò sí ọmọ sáyẹ́ǹsì tí kò ní bá a pàdé: ẹ so bob (irin róbótó kékeré) mọ́ òwú, ẹ jẹ́ kó máa fì, ẹ wo iye àáyá tí àlọ-àbọ̀ 20 gbà, ẹ yí gígùn òwú padà, ẹ tún un ṣe. Ẹ pín iye àáyá yẹn sí 20, ẹ ó rí T, àkókò àlọ-àbọ̀ kan. Lẹ́yìn náà ẹ ya T² sí gígùn lórí gíráàfù, ẹ sì fi slope rẹ̀ (bí ìlà ṣe dagun tó) wá g, ìyára tí òòfà ilẹ̀ ń fún ohun tó ń já bọ́, tó yẹ kó wà nítòsí 9.8 m/s².

Ọ̀gá, wọ́n fa igi sí àtẹ mi látòkè délẹ̀, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà inú rẹ̀ péye.

Yúnítì dà? Orí òpó kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ṣé 24.5 àti 24.50 kì í ṣe ọ̀kan náà ni, sà? Ti kẹ́mísírì ni.

Lójú ìṣirò, ọ̀kan náà ni. Lójú burette, ọ̀pá gíláàsì tí ẹ fi ń wọn ásíìdì, rárá. Ìlà ara burette fi 0.1 cm³ jìnnà síra, ìwọ lo máa fojú díwọ̀n àárín ìlà méjì. Ẹni tó kọ 24.50 ń sọ pé òun wo àárín yẹn. Èyí tí o sì kọ́kọ́ ṣe láti mọ ibi tí àwọ̀ ti ń yí, má kó o mọ́ àwọn tí o fẹ́ fi wá ìpíndọ́gba.

Mo kọ ìlànà bó ṣe wà nínú mánúà gẹ́lẹ́. Wọ́n ní kò dára.

Mánúà ń pàṣẹ, ìwọ ń ròyìn. "So bob mọ́ òwú" gbọ́dọ̀ di "A so bob mọ́ òwú." Àti pé mánúà kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń ṣe é. Bó bá ní 100 cm, tí òwú tiyín kò tó, tó jẹ́ 92 cm lẹ lò, 92 ni kí ẹ kọ. Mo máa ń rí 100 nínú ìlànà, kí n tún wá bá 92 nínú àtẹ, nínú ìjábọ̀ kan náà!

Ìlà gíráàfù mi kò gba òdo kọjá. Ṣé kí n fà á gba ibẹ̀?

Má dán an wò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé láti ẹnu kọ́ọ̀kì dé orí bob lo wọn òwú mọ. Àárín bob ni gígùn pendulum dé. Bí bob bá fẹ̀ ní 2 cm, 1 cm ti sọnù nínú gbogbo ìwọ̀n rẹ, ìlà náà yóò sì gé ìlà ìsàlẹ̀ ní 1 cm sápá òsì òdo. Slope kò bàjẹ́, g rẹ ṣì dáa. Ẹni tó bá fi tipátipá fa ìlà gba òdo ló fọwọ́ ara rẹ̀ ba slope jẹ́. Fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kí o kọ ìdí rẹ̀ sí abẹ́ àlàyé èsì.

Kí ni kí n kọ síbi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tó fa àṣìṣe?

Kì í ṣe "àṣìṣe ọmọ ènìyàn". Kì í ṣe "afẹ́fẹ́ fáànù" náà; bí fáànù bá ń fẹ́, kí ló dé tí ẹ ò pa á? Sọ bí àṣìṣe náà ṣe tóbi tó, àti apá ibi tó ti èsì sí. Bí àpẹẹrẹ, ọwọ́ ènìyàn lè fi nǹkan bí 0.2 s pẹ́ lórí stopwatch. Pín in sí 20, ó ku 0.01 s fún àlọ-àbọ̀ kan. Bí g rẹ bá wá fi odidi 1 ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀bi ọwọ́ kọ́ nìyẹn.

Gíráàfù mi tọ́ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ, ó gba òdo kọjá, síbẹ̀ g mi jẹ́ 10.85. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Èyí gan-an ló mú mi jókòó kọ nǹkan yìí.

Ọdún kan wà tí ìjábọ̀ lóríṣiríṣi ń wọlé pẹ̀lú 10.8, 10.9, gíráàfù wọn sì dùn ún wò. Mo gbé rúlà mítà wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, kò sí ìyàtọ̀. Mo tẹ stopwatch àti ti fóònù mi lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n jọ ń lọ. Mo ní bóyá wọ́n ń fa bob jìnnà jù kí wọ́n tó fi í sílẹ̀, àmọ́ ìyẹn máa ń jẹ́ kí àlọ-àbọ̀ pẹ́ sí i ni, g ì bá kéré, kò ní pọ̀. Mo padà sínú ìjábọ̀ wọn bóyá màá rí nǹkan dì mú. "A wọn àkókò àlọ-àbọ̀ 20." Gbogbo wọn, gbólóhùn kan náà. Púpọ̀ wọn kò tilẹ̀ kọ iye àáyá tí wọ́n rí lójú stopwatch. T tí wọ́n ti pín tán nìkan ló wà níbẹ̀.

Ìgbà tí mo lọ dúró ti ọmọkùnrin kan tó ń kà fún ẹnìkejì rẹ̀ ni ojú mi tó là. Ó fi bob sílẹ̀, ẹnìkejì tẹ stopwatch, ó sì pariwo, "Ọ̀kan!" Bob kò tíì lọ ibì kankan o. Nígbà tó fi máa pe ogún, 19 ló rí.

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. T wọn di 19/20 ohun tó yẹ kó jẹ́, T² sì di 0.9025 rẹ̀. Ẹ fi pín 9.8, ẹ ó rí 10.86. Gbogbo àmì orí gíráàfù ló sì fi ìdá kan náà kéré, ìdí nìyẹn tí ìlà fi tọ́ tó sì gba òdo kọjá. Pendulum 1 m yẹ kó gba nǹkan bí 40 s fún àlọ-àbọ̀ 20. Tiwọn ń gba 38. Ká ní 38 yẹn wà nínú àtẹ ni, orí àga ọ́fíìsì mi ni ǹ bá ti rí i.

Nítorí náà, "òdo" ni ẹ ó pè nígbà tí ẹ bá tẹ stopwatch. Ó sì sàn kí ẹ jẹ́ kí bob ti máa fì ná, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá ń gba àárín kọjá. Ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà yín bẹ́ẹ̀: "A bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti òdo bí bob ti ń kọjá ní àárín." Kí iye àáyá àlọ-àbọ̀ 20 ní òpó tirẹ̀, kí T ní tirẹ̀.

Ọ̀gá, kò sáyè mọ́. Ṣé mi ò lè tún nọ́ńbà ṣe díẹ̀ kó di 9.8?

A máa ń mọ̀. Àmì ti fọ́n ká orí gíráàfù bí àgbàdo tí wọ́n dà fún adìẹ, slope wá jẹ́ 4.03 géérégé, èyí tó ń fún ni ní 9.8. 10.85 tí o ṣàlàyé rẹ̀ yóò gba máàkì ju ìyẹn lọ lọ́wọ́ mi.

Ìgbà wo ló yẹ ká pè yín?

Kí ẹ tó tú irinṣẹ́ yín. Bí ẹ bá ti wọn gígùn méjì àkọ́kọ́ tán, ẹ fi kakulétọ̀ wá g níbẹ̀. Bó bá ti ju 10.3 lọ, tàbí tí kò tó 9.3, ẹ nawọ́ sí mi. Lẹ́yìn tí irinṣẹ́ bá ti wọ kọ́bọ́ọ̀dù, ohun tí ẹ kọ nìkan ni mo ní láti wò. Ẹni tó bá pè mí lálẹ́ Sunday pé ọ̀la ni òun máa fi sílẹ̀, iye àáyá tó rí lójú stopwatch ni màá kọ́kọ́ bi í. Bí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, kó lọ sùn.