Bí a ṣe ń kọ̀wé láti Èkó wá àyè ìwádìí ọ̀mọ̀wé lórí sẹ́ńsọ̀ oníìmọ́lẹ̀

Àyè ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé lórí sẹ́ńsọ̀ oníìmọ́lẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí àkóràn àrùn wà, kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń jáde ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Yúróòpù. Ní Dẹ́ńmáàkì, iṣẹ́ olówó oṣù ni wọ́n kà á sí, ọdún 3 ni ó sì sábà máa ń gbà lẹ́yìn oyè másítà. EURAXESS, ìkànnì tí wọ́n ti ń polówó iṣẹ́ ìwádìí ilẹ̀ Yúróòpù, ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, lẹ́yìn náà ni mo tó lọ sí ojú ewé yunifásítì fúnra rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni ní Yaba tàbí Ìkẹjà bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kúrò níwájú rẹ̀.

Kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ kọ́kọ́ lóye iṣẹ́ náà. Wọ́n á po aró kan, irú èyí tó ní platinum, irin olówó iyebíye kan, nínú, mọ́ ike tí wọ́n ti yọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, aró náà á tàn padà, ṣùgbọ́n bí ọ́síjìn bá ṣe ń pọ̀ sí i ní àyíká rẹ̀ ni títàn náà á máa rẹlẹ̀, tí àkókò tí ó fi ń tàn á sì máa kúrú sí i. Ẹni tó bá wọn ìyípadà yẹn ti mọ iye ọ́síjìn tó wà níbẹ̀, láìjẹ́ pé ohun èlò náà ń jẹ ọ́síjìn bí irinṣẹ́ oníná tí Leland Clark ṣe ní àwọn ọdún 1950 ṣe máa ń jẹ ẹ́. Ohun tó so èyí pọ̀ mọ́ àkóràn ni pé àwọn bakitéríà bíi Pseudomonas aeruginosa, tó máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó ní cystic fibrosis, àrùn àjogúnbá kan, jà, máa ń kóra jọ sínú ohun kan tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ọ́síjìn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ibẹ̀, àwọn oògùn kan tó yẹ kó pa wọ́n kì í sì í ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tí ọ́síjìn bá ti tán.

Ìwé ẹ̀rí, transcript, CV àti páásípọ́ọ̀tù kò le, àyàfi pé kí ẹ tètè béèrè fún transcript. Bí ìpolówó bá mẹ́nu ba Marie Skłodowska-Curie, ìyẹn ètò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ń náwó sórí àwọn olùwádìí, ẹni tó bá ti gbé ní orílẹ̀-èdè tí iṣẹ́ wà ju oṣù 12 lọ láàárín oṣù 36 tó ṣáájú ìgbàsíṣẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ìyẹn kò di àwa tí a ń gbé Èkó lọ́wọ́ rárá.

Lẹ́tà ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Mo ti ka lẹ́tà púpọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Akoka àti Ọ̀jọ́ kọ, bákan náà ni wọ́n sì máa ń rí: ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ á sọ pé láti kékeré ni òǹkọ̀wé ti fẹ́ràn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, èkejì á yin yunifásítì náà, ẹ̀kẹta á ròyìn ìyà ilé, àdúrà á sì tẹ̀ lé e. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ẹ ó ti wá rí i pé ẹni náà ti fi ìmọ́lẹ̀ wọn nǹkan rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ní lẹ́tà rẹpẹtẹ níwájú kò ní ka èyí dé ìsàlẹ̀.

Ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín wọ̀n ni kí ó ṣíwájú. Arábìnrin kan tí mo bá tún lẹ́tà rẹ̀ ṣe kọ ọ́ pé òun “ṣe ìwádìí lórí omi”. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ṣàlàyé pé spectrophotometer, ẹ̀rọ tó ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú omi kọjá sí, ni òun fi wọn iye irin nínú omi kànga ní Mushin, pé iná tí kò dúró sójú kan ń mú kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ náà máa yí padà, nítorí náà òun máa ń wọn omi mímọ́ gaara kí òun tó wọn omi kànga kọ̀ọ̀kan. Èyí gan-an ni ọ̀rọ̀ tí láàbù sẹ́ńsọ̀ ń wá, nítorí ó fi hàn pé ẹni náà mọ̀ pé ohun tí ẹ̀rọ kọ lè má jẹ́ òótọ́.

Ẹ má sọ pé ẹ mọ ẹ̀rọ kan lò bó bá jẹ́ pé ẹ kàn dúró ti olùtọ́jú láàbù nígbà tí ó ń lò ó, torí wọ́n á bi yín. Ẹ má fi lẹ́tà kan náà ránṣẹ́ síbi mẹ́fà. Mo ti rí èyí tí orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ ka àpilẹ̀kọ kan tí láàbù náà tẹ̀ jáde láti òkè délẹ̀, kí ẹ sì béèrè ìbéèrè kan tó jinlẹ̀ lórí rẹ̀: ṣé ooru ara kì í yí ohun tí sẹ́ńsọ̀ náà ń kà padà, àbí ṣé aró náà kò ní ṣe bakitéríà náà ní jàǹbá? Ojú ewé kan péré ti tó fún lẹ́tà náà. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni kẹ́mísírì, ẹ lọ bá àwọn tó ń sin bakitéríà nínú láàbù ní ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ìdí-Àràbà, kí ẹ kọ́ ọ níwọ̀nba, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà.

Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ kankan lè fi zóbò ṣe ìwọ̀n tirẹ̀ tí yóò kọ sínú lẹ́tà. Ẹ rẹ ẹ sínú omi gbígbóná, ẹ ti bébà àsẹ́ bọ̀ ọ́, ẹ sá a síbi tí oòrùn kò sí. Lẹ́yìn náà, ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́, omi lásán àti omi káún sí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ti ọsàn á pupa, ti káún á máa lọ sí àwọ̀ ewé. Ẹ fi bébà pH, èyí tí ẹ lè béèrè ní ọjà kẹ́míkà Ojota, mọ iye pH omi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí ó ṣe kan sí. Ẹ fi fóònù ya gbogbo rẹ̀ lábẹ́ gílóòbù kan náà, kí bébà funfun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nínú fọ́tò, kí ẹ sì fi ImageJ, ètò kọ̀ǹpútà fún àyẹ̀wò àwòrán tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ka àwọ̀ wọn sórí gíráàfù. Ẹ tún un yà lẹ́yìn wákàtí kan, nítorí pé àwọ̀ inú káún máa ń ṣá, bó sì ṣe ń ṣá yẹn wúlò láti kọ sílẹ̀ ju gíráàfù tó dán lọ.

Fún àwọn olùkọ́ tó máa jẹ́rìí yín, ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe lọ́dọ̀ wọn sórí bébà kan kí ẹ sì mú un lọ bá wọn. Ẹ má dúró di alẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn kí ẹ tó fi ìwé ránṣẹ́. Ní ìgbà òtútù, aago Dẹ́ńmáàkì bá ti Èkó mu, ṣùgbọ́n ní ìgbà ooru wọ́n fi wákàtí 1 ṣáájú wa, nítorí náà agogo 12 òru tiwọn á bọ́ sí agogo 11 alẹ́ níhìn-ín.

Bí wọ́n bá pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí fídíò, ẹ wá ibi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kò dé, kí fóònù kejì tó ní dátà sì wà nítòsí. Gíráàfù kan ṣoṣo ni kí ẹ gbé síwájú wọn, kí ẹ ṣàlàyé gbogbo ìlà inú rẹ̀ àti ibi tí kò ti ṣeé gbára lé, kí ẹ sì bi wọ́n, kí ìjókòó tó tú ká, ta ni yóò kọ́ yín ní máíkírósíkóòpù wọn.