Bíìlì tí fáìlì kéékèèké kó bá mi lórí Flink

Bíìlì ibi tí à ń kó fáìlì pamọ́ sí ló bí mi nínú tí mo fi ń kọ èyí. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo ní bóyá ti ẹlòmíì ni wọ́n ṣèèṣì fi ránṣẹ́ sí mi. Dátà wa ò kúkú pọ̀ o, iye fáìlì ló pọ̀, gbogbo fáìlì téèyàn bá gbé síbẹ̀ ni wọ́n ń gbowó ẹ̀, ì báà tóbi, ì báà má ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Iṣẹ́ ọ̀hún ò le lójú: dátà ń bọ̀ láti Kafka, níbi tó ti ń ṣàn wọlé láìdúró, Flink, ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí dátà bó ṣe ń wọlé, á kọ ọ́ sílẹ̀ ní Parquet, irú fáìlì kan tí wọ́n fi ń kó dátà pamọ́. Bí wọ́n ṣe ń so Kafka mọ́ ọn, mi ò ní máa sọ ìyẹn.

Ìyà ti bẹ̀rẹ̀ kí bíìlì tó dé. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀ lórí dísìkì tiwa, dashboard ò ní pupa kankan, dátà ń wọlé wìtìwìtì, mo wọ inú fódà, òfìfo. Ọjọ́ méjì gbáko! Mo fẹ̀sùn kan Kafka, mo yí permission padà, mo pa job náà mo tún tan án, àfi bí ẹni ń pọn omi sínú agbọ̀n. Nígbà tó sú mi ni mo tẹ ls -a, tó ń fi fáìlì tó fara pamọ́ hàn, áà, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, wọ́n fi àmì dot síwájú orúkọ wọn, .inprogress sì wà nínú orúkọ ọ̀hún. Checkpoint, ìyẹn ìgbà tí Flink ń fi ibi tó bá iṣẹ́ dé pamọ́, ló ń ti fáìlì pa, tí ò bá sí checkpoint, fáìlì ò lè parí láéláé, bẹ́ẹ̀ Flink kì í tan checkpoint fúnra ẹ̀, èmi ni mi ò tan án. Ìlà kóòdù kan péré! Ojú tì mí, inú mi sì dùn.

Inú dídùn yẹn ló kó bá mi. Mo ní kó máa ṣe checkpoint ní ìṣẹ́jú-àáyá 10, 10. Parallelism mi, ìyẹn iye ẹ̀dà iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, jẹ́ 16, kálukú ló ń kọ fáìlì tiẹ̀, Parquet sì gbọ́dọ̀ ti fáìlì pa ní gbogbo checkpoint torí ìdí fáìlì ni wọ́n ń kọ àlàyé ohun tó wà nínú ẹ̀ sí, kò ṣeé dá dúró láàárín kéèyàn tún padà wá máa kọ ọ́ lọ. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: fáìlì 138,240 lóòjọ́. Mo fẹ́ fi DefaultRollingPolicy, òfin tó ń sọ ìgbà tí wọ́n máa ti fáìlì pa, sí i kó lè dúró dé 128 MB, compiler ò gbà fún mi rárá.

Bí mo ṣe yanjú ẹ̀ nìyí: checkpoint di ìṣẹ́jú 10, mo dín parallelism sink (apá tó ń kọ fáìlì) nìkan kù sí 4, fáìlì ò tó 700 lóòjọ́ mọ́. Compaction, ìyẹn kíkó fáìlì kéékèèké pọ̀ di ńlá, wà nínú FileSink, sink tó ń kọ fáìlì nínú Flink, láti Flink 1.15 o, ká ní mo tètè mọ̀ ni, ǹ bá ti kọ́kọ́ dán an wò.

Lọ́jọ́ kejì ni àbúrò kan níbi iṣẹ́ bá dé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí dátà yín ń pẹ́ báyìí?" Mo ní kó lọ wo bíìlì oṣù tó kọjá ná.