Pósítà Tí Mo Yà fún "Ọfà Ògúnlọlá"

Lẹ́yìn rìhásà ọjọ́ Sátidé kan, ẹ̀gbọ́n tó ń darí ẹgbẹ́ eré wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àbúrò, ìwọ lo máa bá wa ṣe pósítà o." Eré olórin ni, àwa fúnra wa la kọ ọ́, àti orin àti ijó: ìtàn Ògúnlọlá ọdẹ tó bẹ́ orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, tí ìlú wa fi gba orúkọ.

Kí n tó gbé bírò, àwọn òṣèré ti ń bi mí bóyá ojú àwọn máa hàn. Mi ò bá wọn wí. Bí pósítà fíìmù ṣe máa ń rí nìyẹn, orí mẹ́wàá á tò lórí ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà tó ń kọjá ní Tàkìé kò lè wo orí mẹ́wàá. Nǹkan kan ṣoṣo lojú rẹ̀ á rí gbé lọ.

Ọ̀dọ̀ bàbá onílù wa ni mo ti rí nǹkan kan náà. Wọ́n ń fa awọ tín-ín-rín tó so ojú ìyáàlù méjèèjì pọ̀. Mo ní, "Bàbá, kí lẹ̀ ń pe èyí?"

"Ọsán ni."

"Ọsán bíi ti ọrun?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni, ọmọ mi."

Orí mi wú. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ya ọrun ọdẹ kan, mo fi ọsán ìyáàlù ṣe okùn rẹ̀, awọ wẹ́wẹ́ tó fún pọ̀ ní ìbàdí, mo wá gbé kọ̀ǹgọ́ síbi tó yẹ kí ọfà wà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo yà á sórí bébà kó tó tẹ́ mi lọ́rùn, kí n tó fi CorelDRAW, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, tún un yà sórí àwọ̀ aró.

Orúkọ eré náà gba ìṣọ́ra. Ọfà ni ti ọdẹ. Ọ̀fà, ìlú ni, ní Kwara lọ́hùn-ún. Ta ni kò ní rò pé ìtàn Ọ̀fà la fẹ́ ṣe bí mo bá yọ àmì? Fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, tó wù mí jù kò wá mọ ohun tó máa fi "Ògbómọ̀ṣọ́" ìsàlẹ̀ ṣe. Ọ tó ní àmì lábẹ́ àti lórí kì í ṣe lẹ́tà kan lójú kọ̀ǹpútà. Ńṣe ló ń gbé àmì orí lé e, púpọ̀ fọ́ǹtì sì máa ń gbé e síbi tí kò yẹ. Mo jọ̀wọ́ rẹ̀, mo mú Noto Sans tó nípọn.

A3 la tẹ̀, 297 lórí 420 mm, mo fi 3 mm kún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ọ̀bẹ má bàa fi funfun sílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé, wọ́n ti tẹ mẹ́wàá, àpótí kéékèèké ló sì wà níbi orúkọ ìlú wa. Kọ̀ǹpútà wọn kò ní fọ́ǹtì mi. Ó dùn mí gan-an. Mo padà sílé, mo tẹ Ctrl+Q kí gbogbo lẹ́tà di àwòrán, mo sì mú kí àwọ̀ aró náà mọ́lẹ̀ sí i, torí ìmọ́lẹ̀ ló ń tàn án lójú kọ̀ǹpútà, yíǹkì ló máa gbé e lórí bébà.

Àádọ́ta tó tẹ̀lé e mọ́ kedere. Bàbá onílù gba ẹ̀dà kan, wọ́n fi ìka tọ ọsán náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní mo fún un pọ̀ jù, ohùn òkè nìkan nirú ìlù bẹ́ẹ̀ máa mú jáde. Mo ti dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ nínú èyí tó máa wà lára ìwé ètò eré.