Kókó Ọmú, Iṣẹ́ Abẹ àti Fọ́ọ̀mù Ìwádìí: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Ará Ilé àti Ará Oko

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ẹ̀ ń dáko ní Gwagwalada, Kwali àti Kuje, títí dé apá Zaria lọ́hùn-ún, ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ẹ̀ ń tajà ní Mararaba àti Sabon Gari Kano, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé táa sábà máa ń pín fún yín, ti fàtìláísà ni, tàbí ti kòkòrò tó ń jẹ àgbàdo, tàbí báa ṣe lè tọ́jú ẹ̀wà kó má kó kòkòrò. Tòní yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ọmú ni, kókó inú ọmú, abẹ tí wọ́n fi ń yọ ọ́, àti ìwé ìwádìí táwọn dókítà máa ń ní káa fọwọ́ sí. Ẹ̀yin bàbá ẹ má tíì ju ìwé yìí sílẹ̀ o, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé kí ìyàwó lọ sọ́sípítù tàbí kó dúró ná, àti pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọmú, bí ẹnì kan á jẹ́ ọkùnrin.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí yíyẹ ara wò, kò le rárá. Tí nǹkan oṣù bá ti parí bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀, tí ọṣẹ ṣì wà lára, ẹ fi inú ìka mẹ́ta tẹ ọmú yíká, kì í ṣe ṣónṣó ìka, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ dé abíyá. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, kó mú ọjọ́ kan lóṣù, àwọn kan máa ń lo ọjọ́ tí wọ́n ń dá àjọ kí wọ́n má bàa gbàgbé. Kí lẹ ń wá? Kókó, àwọ̀ ọmú tó ń kì bọ̀ sínú tàbí tó rí bí èèpo ọsàn, orí ọmú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nígbà tí kì í rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lórí ọmú, egbò tí kò jinná, kókó tó wú lábẹ́ abíyá. Ẹ sì gbọ́ èyí dáadáa, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: kókó líle tí kì í dunni gan-an ló yẹ kó já wa láyà. Àwọn ìyá wa á ní "kò dùn mí, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe lọ́sípítù", bẹ́ẹ̀ kókó tó ń dunni tó sì gbóná, pàápàá lára abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú, oówo tó ti gba ọyún ló sábà máa ń jẹ́. Tí wọ́n bá ti fún yín lóògùn oówo tó sì ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ, ẹ padà lọ o, ẹ má ra òmíì lọ́wọ́ kẹ́míìsì.

Ṣùgbọ́n kókó tó pọ̀ jù nínú ọmú kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ọmọbìnrin ogún ọdún lè ní kókó kan tó máa ń yọ̀ sá lábẹ́ ìka, ìyẹn kì í pààyàn. Kò sí bí ìwọ tàbí èmi ṣe lè fọwọ́ mọ èwo ni èwo ṣá, àní dókítà gan-an kì í fi ọwọ́ nìkan mọ̀ ọ́n.

Obìnrin kan wà ládùúgbò wa ní Nyanya tó ń ta ẹ̀wà, ìgbà tó kọ́kọ́ rí tiẹ̀ kò ju hóró ẹ̀pà lọ. Wọ́n fún un lágbo, wọ́n fún un lóróró tí wọ́n gbàdúrà sí, ẹnì kan tún gún un lábẹ́rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, oṣù mẹ́jọ kọjá, ó ti tó àlùbọ́sà. Nígbà táa mú un dé ọsípítù, wọ́n tún sọ fáìlì ẹ̀ nù, táa fi ń lọ táa fi ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ẹ̀ ní ká máa lọ sílé. Wọ́n padà ṣe é ṣá, ó ṣì ń ta ẹ̀wà ẹ̀, ṣùgbọ́n ìtọ́jú tí wọ́n fún un wúwo ju èyí tí ì bá gbà nígbà tó ṣì wà bí hóró ẹ̀pà.

Àwọn kan á ní abẹ ló ń pa àwọn tó ní in, pé atẹ́gùn tó bá ti fẹ́ sí i, ó parí. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Èèyàn á jókòó sílé títí àìsàn á fi dé inú ẹ̀dọ̀fóró àti eegun, wọ́n á wá gbé e lọ fún ọ̀pẹ́réṣọ̀n, tó bá wá kú, abẹ lẹ́bi. Kì í ṣe abẹ, pípẹ́ ni.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ ya fọ́tò ọmú, ọ̀dọ́ sábà máa ń ṣe síkáànù, àgbà á ṣe mámógíráàmù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tó nípọn díẹ̀ mú bíńtín lára kókó náà lọ sí láàbù, ìyẹn ni báyọ́psì. Kì í mú kó tàn ká. Ẹ fetí sí mi dáadáa níbi yìí: tẹ́nikẹ́ni bá yọ kókó fún yín, ìbáà jẹ́ ní kílíníìkì kékeré tó wà lẹ́yìn mọ́tò páàkì, ẹ bi í pé "níbo lẹ gbé e lọ?" Inú oògùn fọmalíìnì ló yẹ kó wà, kó sì lọ sí láàbù. Àwọn kan máa ń jù ú dànù, tàbí kí wọ́n gbé e fún ẹ nínú ike omi pé kóo lọ sin ín. Tí wọ́n bá ti jù ú, kò sẹ́ni tó lè sọ irú ẹ̀ mọ́. Láàbù tún ní láti sọ bóyá omi ara obìnrin (họ́mọ́nù) ló ń bọ́ jẹjẹrẹ náà, torí oògùn tamoxifen tí wọ́n máa ń ní kéèyàn lò fún ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀, irú èyí nìkan ló wúlò fún.

Ọ̀rọ̀ ìwádìí wá kù. Mo mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ "ìwádìí", èyí tó ń wá sí yín lọ́kàn ni pé wọ́n fẹ́ fi yín ṣe ẹran àdánwò. Ẹ dúró ná. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí àwọn ADP, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́, wá sóko, tí wọ́n pín ilẹ̀ yín sí méjì, wọ́n gbin àgbàdo tuntun tó wá láti IAR, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Samaru, sápá kan, wọ́n gbin ti àtijọ́ sápá kejì, fàtìláísà kan náà, òjò kan náà? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ rí èyí tó so jù nígbà ìkórè, kò sẹ́ni tó lè purọ́ fún yín. Ìwádìí dókítà nìyẹn o. Kódà inú oko ni wọ́n ti kọ́ ọ, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ronald Fisher, ní oko ìwádìí Rothamsted ní England, lẹ́yìn ọdún 1919, òun ló ní kí wọ́n máa ṣẹ́ kèké yan pílọ́tì, ìyẹn abala oko, tó máa gba irúgbìn tuntun, kí àgbẹ̀ má fi ilẹ̀ tó dára jù fún èyí tó wù ú. Àwọn dókítà ló kọ́ ọ lọ́wọ́ àgbẹ̀.

Fisher mìíì wà ní Amẹ́ríkà, Bernard lorúkọ tiẹ̀, dókítà abẹ ni, àwọn méjèèjì ò bára tan. Kí ẹ tó mọ ohun tó ṣe, ẹ ní láti mọ bí abẹ ọmú ṣe rí látìgbà William Halsted ní Baltimore, ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Halsted máa ń gé gbogbo ọmú, gbogbo ẹran àyà tó wà lábẹ́ ẹ̀, àti gbogbo hóró kéékèèké inú abíyá. Àyà á kì wọlé, apá á wú. Ohun tó rò ni pé bí ẹ̀kan ni jẹjẹrẹ ṣe ń tàn, gbòǹgbò ń fà lọ díẹ̀díẹ̀, kóo wa ilẹ̀ ẹ̀ jìnnà, o ti ṣẹ́gun. Ó lé ní àádọ́rin ọdún tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ fáwọn obìnrin láìsí ẹni tó pín pílọ́tì sí méjì wò.

Bernard Fisher ní rárá, bíi wuta-wuta ni, koríko tó ń fa oúnjẹ lára bàbà. Ẹ̀yin tẹ́ẹ̀ ń gbin bàbà lókè ọ̀hún mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ tó rí òdòdó ẹ̀, hóró ẹ̀ ti fọ́n káàkiri ilẹ̀, wíwa ìdí ẹyọ kan ní jíjìn kò mú nǹkan wá. Ló bá bẹ ìrànlọ́wọ́ àwọn obìnrin, ó lé ní 1,800 wọn, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1976. Kèké ló pín wọn: àwọn kan, gbogbo ọmú ni wọ́n gé, àwọn kan, kókó nìkan ni wọ́n yọ pẹ̀lú ẹran díẹ̀ tó yí i ká, àwọn kẹta, kókó nìkan ṣùgbọ́n wọ́n tan iná rèdíòtẹ́rápì sí i, ìyẹn ìtànṣán ẹ̀rọ tó ń pa jẹjẹrẹ. Umberto Veronesi náà ṣe irú ẹ̀ ní Milan láti 1973 sí 1980, obìnrin 701, tí kókó tiwọn kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ. Lọ́dún 2002, lẹ́yìn ogún ọdún, àwọn méjèèjì gbé èsì jáde: àwọn tí wọ́n dá ọmú wọn sí àti àwọn tí wọ́n gé tiwọn, iye tó wà láàyè kò yàtọ̀. Èyí tó yàtọ̀ ni iná. Nínú ti Fisher, àwọn tí wọ́n yọ kókó fún láì tan iná, 39 nínú ọgọ́rùn-ún ni jẹjẹrẹ padà sínú ọmú ọ̀hún, àwọn tí wọ́n tan iná fún, 14.

Ìṣirò yẹn kàn yín gan-an níbi táa wà yìí. Ẹni tó bá ní kí wọ́n dá ọmú sí, ó ní láti lè dé ibi tí iná wà lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ̀rọ yẹn ò sì sí níbi gbogbo lókè ọ̀hún, ó wà ní National Hospital ní Abuja, ó wà ní ABU Shika ní Zaria, ó wà ní Sokoto. Ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó lọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ: ṣé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ báyìí? níbo la máa sùn? ta ló máa wo àwọn ọmọ? Lójú tèmi, ẹni tí kò lè dé ibi iná, kó gé e kó sì wà láàyè sàn ju kó dá a sí kó wá máa ṣọ́ ọ lọ́kàn. Ẹlòmíì lè rò ó lọ́nà míì, ọmú kì í ṣe tèmi.

Mi ò ní bo ibi tó burú mọ́lẹ̀ o. Lọ́dún 1996, àìsàn yírùnyírùn bẹ́ sílẹ̀ ní Kano, iléeṣẹ́ Pfizer wá dán oògùn tuntun kan wò, Trovan, lára ọmọ 200, àwọn 100 gba Trovan, àwọn 100 gba oògùn míì. Ọmọ 11 kú, márùn-ún nínú àwọn tó gba Trovan, mẹ́fà nínú àwọn yòókù, àwọn míì sì di aláàbọ̀ ara. Iléeṣẹ́ náà ní àìsàn ló ṣe é kì í ṣe oògùn, ọ̀pọ̀ òbí ní ẹnikẹ́ni ò sọ fáwọn pé ìwádìí ni. Lọ́dún 2009 wọ́n gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là fún ìparí ẹjọ́ pẹ̀lú ìjọba Kano. Ìfura yẹn wà lára ohun tó mú káwọn èèyàn kọ oògùn pólíò lọ́dún 2003, àwọn ọmọ tí kò mọ nǹkan kan ló rọ.

Òfin wá wà báyìí. National Health Act ti 2014 sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣe ìwádìí lára èèyàn láìjẹ́ pé wọ́n ti ṣàlàyé fún un tó sì ti fọwọ́ sí i sórí ìwé. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ọ ń jẹ́ NHREC, Abuja níbí ló wà, NAFDAC náà sì ní láti mọ̀ tó bá jẹ́ ti oògùn. Torí náà, tí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù wá, ẹ ní kí wọ́n fi nọ́ńbà àṣẹ tí ìgbìmọ̀ fún wọn hàn yín. Ẹ ní kí wọ́n kà á ní Yorùbá, Hausa tẹ́ ẹ fi ń tajà kò tó fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ bèèrè ẹni tó máa sanwó àyẹ̀wò, ẹni tó máa tọ́jú yín tí oògùn bá ṣe yín ní jàǹbá, ibi tí ẹ̀jẹ̀ àti ẹran tí wọ́n mú lára yín ń lọ, bóyá ẹ lè kúrò lágbedeméjì (ẹ lè kúrò, wọn ò sì gbọ́dọ̀ torí ẹ̀ fi ìtọ́jú gidi dù yín). Ẹ gba ẹ̀dà fọ́ọ̀mù lọ sílé, kẹ́ ẹ sùn lé e lórí. Ìyàwó fúnra ẹ̀ ló máa fọwọ́ sí i tàbí tẹ̀ka, kì í ṣe bàbá ilé. Nínú ìwádìí jẹjẹrẹ, oògùn tó dára jù tó wà nílẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi wé tuntun, kì í ṣe pé wọ́n á fún apá kan ní omi lásán. Àti pé ẹ rò ó wò: ọ̀pọ̀ oògùn jẹjẹrẹ, ara àwọn èèyàn òkè òkun ni wọ́n ti dán wò jù, bẹ́ẹ̀ irú èyí tí tamoxifen ò ràn pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú ju tiwọn lọ. Àgbẹ̀ wo ló máa gbin irúgbìn sí gbogbo oko ẹ̀ láì dán an wò ní ilẹ̀ tiẹ̀?

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n lè fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ awọ kí omi máa jáde. Ẹ kọ iye tó bá jáde sílẹ̀ lójoojúmọ́, ohun tí dókítà máa wò kó tó yọ ọ́ nìyẹn. Ẹ máa gbé apá sókè díẹ̀díẹ̀ bí nọ́ọ̀sì bá ṣe kọ́ yín, apá tí wọ́n bá so mọ́ ara á gan. Iyán gígún, omi pípọn àti ọkọ́, ó di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí dókítà bá sì ti gbà. Tí wọ́n bá ti yọ hóró abíyá, ẹ máa wọ ìbọ̀wọ́ lóko, torí ọgbẹ́ kékeré lè mú apá yẹn wú, tó bá wú tó sì gbóná, ọsípítù lọ́jọ́ náà. Èsì láàbù ńkọ́? Ẹ ṣe ẹ̀dà ẹ̀ méjì, ẹ fi ọ̀kan sínú agolo tí ìwé ilẹ̀ yín wà, torí fáìlì ọsípítù, mo ti sọ tiẹ̀ fún yín.