Bí mo ṣe ṣe kọ́míìkì olójú-ewé 24 lédè Yorùbá, èmi tí n kò mọ àwòrán yà

Ìwé náà ní ojú-ewé 24 nínú, èèpo rẹ̀ sì jẹ́ ojú mẹ́rin. Ìtàn gba 22. Ojú-ewé kan jẹ́ ti orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ àti ẹ̀tọ́ ìwé, ọ̀kan tó kù jẹ́ ti ìpolówó apá kejì. Inú rẹ̀ jẹ́ dúdú àti funfun, èèpo nìkan ló ní àwọ̀. Èmi ni mo kọ ìtàn, èmi náà ni mo to ọ̀rọ̀ sínú àwòrán. Ayàwòrán kan ló fi pẹ́ńsù àti íńkì ya gbogbo inú rẹ̀, ẹlòmíràn ló ya èèpo tó sì kùn ún. Oṣù márùn-ún ló gbà, ìdajì rẹ̀ ló sì lọ sórí àwọn nǹkan tí n kò kà sí iṣẹ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀: ìwé àdéhùn, fọ́ǹtì (irú ìrísí lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà ń lò) àti bébà.

Iye ojú-ewé ni mo kọ́kọ́ mú kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kankan. Ìwé tí wọ́n ń fi pín-ìnnì gún láàárín bí ìwé àjákọ ọmọ iléèwé, bébà kan tí a ká sí méjì ló ń di ojú-ewé mẹ́rin nínú rẹ̀. Nítorí náà, iye ojú-ewé gbọ́dọ̀ ṣeé fi 4 pín: 20, 24, 28, 32. Bí ìtàn yín bá parí sí 25, ẹ máa sanwó ojú-ewé mẹ́ta tó ṣófo. Ojú-ewé 1 máa ń wà lọ́wọ́ ọ̀tún, 2 àti 3 á kọjú síra, bẹ́ẹ̀ ni 4 àti 5. Òǹkàwé á kọ́kọ́ ṣí bébà kó tó rí 2, 4 tàbí 6. Ibẹ̀ ni mo fi gbogbo ohun tí mo fẹ́ kó bá a lójijì sí. Ẹ fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ojú-ewé 5, ojú rẹ̀ á ti fò dé ibẹ̀ nígbà tó ṣì ń ka 4.

Ẹnìkan ṣoṣo ni script kọ́míìkì, ìwé tí a kọ ohun tó máa wà nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan sí, wà fún, ìyẹn ayàwòrán. Ohun tí kò bá ṣeé yà kò wúlò fún un. "Inú Àdùkẹ́ bàjẹ́ nítorí ó rántí ìyá rẹ̀" kò ṣeé yà. "Àdùkẹ́ di ìborùn ìyá rẹ̀ mú, ó ń wo ilẹ̀" ṣeé yà. Àṣìṣe tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń ṣe jù ni kó kó ìṣe púpọ̀ sínú àpótí kan, ìyẹn igun tí a ya àwòrán kan sí lójú-ewé. Báyìí ni mo ṣe kọ́kọ́ kọ ojú-ewé 7:

"Àpótí 3. Àdùkẹ́ dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sáré jáde, ó rí i pé ọkọ̀ ti gbéra."

Ìṣe mẹ́rin nìyẹn, àwòrán kan kò sì lè gbé ju ọ̀kan lọ. Ayàwòrán á mú èyí tó wù ú nínú wọn, mẹ́ta yòókù á sọnù. Mo tún un kọ:

"Àpótí 3. Láti ẹ̀gbẹ́, nítòsí gan-an. Ọwọ́ Àdùkẹ́ lára ilẹ̀kùn onírin tó ti ṣí díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ń wọlé. Kò sí ọ̀rọ̀.

Àpótí 4. Èyí ló tóbi jù lójú-ewé yìí. Láti ẹ̀yìn Àdùkẹ́, ó dúró létí títì, ó rí kékeré. Danfo ti jìnnà, eruku bo ẹ̀yìn rẹ̀. ÀDÙKẸ́: Ọkọ̀ mi ti lọ!"

Ibi tí a ti ń wò ó, ẹni tó wà níbẹ̀, ohun kan tó ń ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ: ohun tí mo ń kọ sábẹ́ àpótí kọ̀ọ̀kan kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpótí mẹ́rin sí mẹ́fà ni mo fi sí ojú-ewé kan. Ojú-ewé tí ìjà wà, mẹ́ta. Ẹ tún kíyè sí ẹni tó ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Láti òsì sí ọ̀tún ni a ń kàwé, nítorí náà ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ dúró lápá òsì. Bí ẹ kò bá kọ ọ́ sínú script, tí ayàwòrán sì gbé e sápá ọ̀tún, ìrù balloon (àyíká òfìfo tí a ń kọ ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí) méjèèjì á kọjá lórí ara wọn, tàbí kí ìdáhùn di ohun tí a kà ṣáájú ìbéèrè.

Ọ̀rọ̀ àgbà ló fún mi níṣẹ́ jù. Bàbá arúgbó inú ìtàn náà kò lè sọ̀rọ̀ láìpòwe, òwe sì máa ń gùn. Ìlàjì òwe ni mo fi sí i lẹ́nu. Tó bá ti ní "Ilé ọba tó jó…", Yorùbá tó ń kàwé á parí rẹ̀ fúnra rẹ̀, ojú bàbá náà nínú àpótí tó tẹ̀ lé e á sì ṣe ìyókù.

Nígbà tí mo ń wá ayàwòrán, n kò wo àwòrán ẹlẹ́wà kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ló lè ya ojú èèyàn kan kó dà bí fọ́tò, síbẹ̀ tí wọn kò lè ya ojú kan náà láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́ àti láti òkè kí a ṣì mọ̀ pé ẹni kan náà ni. Mo béèrè fún ojú-ewé mẹ́ta tó tẹ̀ léra nínú iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe rí, mo sì wo ọwọ́, ẹsẹ̀, èrò ọjà àti ilé tó wà lẹ́yìn èèyàn. Lẹ́yìn náà, mo fún àwọn méjì tó wù mí jù ní ojú-ewé kan náà nínú script kí wọ́n yà á, mo sì sanwó fún àwọn méjèèjì. Ẹ má ṣe bẹ ẹnikẹ́ni kó ya ìdánwò lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ ni, ojú-ewé kan sì lè gba odindi ọjọ́ méjì lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ìwé àdéhùn ṣáájú pẹ́ńsù. Ní Nàìjíríà, owó tí ẹ san fún àwòrán kò sọ ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ di tiyín. Lábẹ́ òfin Copyright Act ti 2022, ẹni tó ya á ló kọ́kọ́ ní in, àfi tí ìwé bá wà tó sọ nǹkan mìíràn. Ọ̀nà méjì ló wà tó mọ́: kí ayàwòrán gbé ẹ̀tọ́ náà fún yín lákọsílẹ̀, kí owó rẹ̀ sì pọ̀ bó ṣe yẹ, tàbí kí ẹ jọ ni ín, kí owó ọwọ́ kéré, kí ẹ sì jọ pín èrè. Ọ̀nà kejì ni mo mú fún ìtàn, ti àkọ́kọ́ fún èèpo. A kọ iye ojú-ewé, ìwọ̀n rẹ̀, owó ojú-ewé kan, ọjọ́ tí iṣẹ́ máa wọlé, iye àtúnṣe tó jẹ́ ọ̀fẹ́, àti pé orúkọ ayàwòrán máa wà níwájú ìwé, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi bíi tèmi. Ojú-ewé mẹ́rin-mẹ́rin ni mo ń sanwó rẹ̀: mẹ́rin wọlé, owó mẹ́rin jáde. Bí nǹkan bá dá iṣẹ́ dúró lágbedeméjì, ẹnikẹ́ni kò jẹ ẹnìkejì ní gbèsè tó lè dá ìjà sílẹ̀.

Kó tó ya ojú-ewé 1, ayàwòrán ya èèyàn kọ̀ọ̀kan sórí bébà kan: iwájú, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn, àti gíga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibí yìí ni kí ẹ ti sọ gbogbo ohun tí ẹ rò pé gbogbo ayé ló mọ̀. Bàbá inú ìtàn náà kọ ilà pélé. Ilà mẹ́ta kúkúrú tó dúró ṣánṣán ni, lẹ́rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ kò bá kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ó máa di mẹ́rin ní ojú-ewé 9, ó sì máa dùbúlẹ̀ bí àbàjà ní ojú-ewé 15. Bákan náà ni danfo Èkó: yẹ́lò, pẹ̀lú ìlà dúdú méjì. Nínú ìwé dúdú àti funfun, yẹ́lò yẹn á di eérú fẹ́ẹ́rẹ́, nítorí náà a fẹnu kò lórí bí eérú náà ṣe máa dúdú tó kí ọkọ̀ má baà dà bíi táńkà. Mo fi fọ́tò 30 ránṣẹ́: ilẹ̀kùn onírin, ìsọ̀ aláta, ìdúró kọ̀ńdọ́ àti bí gèlè ṣe ń rí láti ẹ̀yìn.

Iṣẹ́ ń gba ẹnu ọ̀nà mẹ́ta kọjá. Àkọ́kọ́ ni àwòrán kékeré, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ fún ojú-ewé kan, níbi tí a ti ń rí ibi tí àpótí wà àti ibi tí ojú máa gbà. Ẹ yí ohun gbogbo padà níbí bó bá ṣe wù yín. Èkejì ni pẹ́ńsù: níbí, ojú, ọwọ́ àti ìdúró nìkan ni mo ń tún. Tó bá ti di íńkì, àṣìṣe gidi nìkan ni mo ń tọ́ka sí, bí ilà tó di mẹ́rin. Ẹni tó bá ronú tuntun lẹ́yìn íńkì ni kó sanwó rẹ̀. Ẹ má ṣe gba fáìlì iṣẹ́ bíi fọ́tò lórí WhatsApp, torí ó máa ń fún àwòrán pọ̀. Google Drive ni a lò, orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà ojú-ewé, ipele rẹ̀ àti iye ìgbà tí a ti tún un ṣe: 07_inki_2.

Ibi tí kọ́míìkì Yorùbá ti yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì jù lọ ni inú balloon. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì kọ́míìkì ni kò ní Ẹ, Ọ àti Ṣ. Àwọn mìíràn ní wọn, ṣùgbọ́n kété tí ẹ bá fi àmì ohùn lé wọn lórí, àmì náà á sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó di àpótí òfìfo. Ìdí ni pé nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, Ọ ní ààyè tirẹ̀, À náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n Ọ̀ kò ní. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni, fọ́ǹtì gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀kan lé èkejì. Mo fi ìlà kan dán gbogbo fọ́ǹtì wò: Ẹ́ Ẹ̀ Ọ́ Ọ̀ Ṣ Ń Ǹ. Andika àti Noto Sans yege, ọ̀fẹ́ sì ni àwọn méjèèjì. Andika ni mo mú. Kò dà bí ìkọ̀wé ọwọ́ tó bí mo ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo àmì ló jókòó sí àyè rẹ̀, èyí ni mo sì kà sí pàtàkì jù. Ẹ padà wo àpótí 4 lókè. Kí àmì kan ṣoṣo jábọ́ lára "ỌKỌ̀ MI TI LỌ", ó di "ỌKỌ MI TI LỌ", Àdùkẹ́ tí kò tíì relé ọkọ á wá máa sunkún ọkọ létí títì.

Àyè àárín ìlà náà ńkọ́? Lẹ́tà ńlá Gẹ̀ẹ́sì kò ní nǹkan kan lórí tàbí nísàlẹ̀, nítorí náà ìlà wọn lè sún mọ́ra. Tiwa, àmì abẹ́ Ọ á já lu àmì orí À tó wà ní ìlà kejì. Mo lo lẹ́tà 8.5 pt (pt ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí lẹ́tà àti àyè ìlà ṣe tóbi tó), mo sì fi ìlà sí 12 pt síra. Tí a bá fi wé 9.5 pt tí Gẹ̀ẹ́sì lè lò, balloon onílà mẹ́rin á fi nǹkan bíi 2.6 mm ga sí i. Ìdí tí n kò fi jẹ́ kí balloon kan kọjá ọ̀rọ̀ 18 nìyẹn, ìdí náà sì ni mo ṣe bẹ ayàwòrán kó fi ìdá mẹ́ta òkè àpótí sílẹ̀ láìya nǹkan gidi sí i. Nígbà tí iṣẹ́ ṣì wà ní pẹ́ńsù ni mo ti ń gbé balloon lé e. Tó bá bo ojú ẹnìkan, ibẹ̀ ni a ti mọ̀. Ọ̀rọ̀ ìró, ayàwòrán ló fọwọ́ yà wọ́n. Mo ṣàlàyé ohùn wọn fún un: GBÌÌ wúwo, ó lọ sílẹ̀, kí lẹ́tà rẹ̀ nípọn kó sì rì, FÍÍ tín-ín-rín, ó ń lọ sókè.

Ìwọ̀n ìwé náà jẹ́ B5, 176 × 250 mm. A fi 3 mm kún un yí ká nítorí ọ̀bẹ agéwèé, n kò sì jẹ́ kí balloon kankan sún mọ́ etí tó 10 mm. Ojú-ewé àárín ìwé máa ń yọ síta díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ká a, àwọn náà ni ọ̀bẹ ń jẹ jù. Inú wà ní 600 dpi (iye àmì kékeré tó wà nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan) nítorí ìlà íńkì, èèpo ní 300 dpi, CMYK, ìyẹn íńkì mẹ́rin tí atẹ̀wé ń pò pọ̀ láti mú àwọ̀ jáde. Kí ẹ sọ fún ẹni tó ń kun èèpo láti ìbẹ̀rẹ̀ pé CMYK ni, torí àwọ̀ ewé tó ń tàn lójú fóònù máa ń kú lórí bébà. Àkọlé dúdú lórí èèpo gbọ́dọ̀ jẹ́ íńkì dúdú nìkan, K 100. Bí ó bá jẹ́ àpapọ̀ íńkì mẹ́rin, ìtẹ̀ kan tó bá yẹ̀ díẹ̀, àmì ohùn á di méjì-méjì. Kí fáìlì tó lọ, ẹ lo Create Outlines nínú Illustrator, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń yàwòrán, kí lẹ́tà di àwòrán, torí kọ̀ǹpútà atẹ̀wé lè má ní fọ́ǹtì yín. Ẹ fi ẹ̀dà tí lẹ́tà rẹ̀ ṣì ṣeé tún tẹ̀ pamọ́.

Ṣómólú ni mo tẹ̀ ẹ́ sí. Ẹ̀dà 200 ni mo fẹ́, nítorí náà mo lo DI, ìyẹn ìtẹ̀wé tààrà láti inú kọ̀ǹpútà. Tó bá jẹ́ 1,000 sókè, ẹ béèrè iye tí wọ́n máa gbà tí wọ́n bá fi plate, páànù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbé ojú-ewé sí, tẹ̀ ẹ́. Bébà 80 gsm (gsm ni ìwúwo bébà) kò dára fún un, dúdú ojú-ewé kan á máa hàn lẹ́yìn. 100 gsm ni mo lò, èèpo 250 gsm pẹ̀lú lamination, ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ èèpo, èyí tí kò dán. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ẹyọ kan, mo kà á látòkè délẹ̀ lójú wọn, mo rí i pé ojú-ewé 14 àti 15 ti gba ipò ara wọn. National Library ló ń fún ni ní ISBN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, ẹ gbà á kí èèpo tó parí kí àyè rẹ̀ lè wà, ẹ sì fi ẹ̀dà ìwé ránṣẹ́ sí wọn lẹ́yìn náà. Lagos Comic Con ti ń wáyé láti 2012, ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí àwọn tó ń ra kọ́míìkì lójúkojú.

Kí ẹ tó kó ìwé kúrò níwájú atẹ̀wé, ẹ yọ mẹ́wàá nínú dìpọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ṣí wọn títí dé pín-ìnnì. Bí ojú-ewé kan bá wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ọ̀kan, ẹ ṣí gbogbo dìpọ̀ yẹn.